Ilà Ẹ̀yìn Ahun Fàdákà

Magodo

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkòsí ń bi mí: "Ọ̀gá Múyìwá, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?" Bí mo bá ní òkun àti òkúta ni mo rí, wọ́n á ní mò ń fi nǹkan pamọ́. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, mo sì rí abuké, àmọ́ èmi gan-an ni abuké náà. Mo ti pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè máa gé irun mi ní àlàáfíà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Irin àlòkù ni mo ń rà tí mo ń tà ní Òwódé Onírin, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nínú ẹrù bàbà àti idẹ tí àwọn èèyàn ń kó wá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó àtijọ́: tọ́rọ́, sísì, ọ̀nìní oníhò. Ìyàwó mi ní erùpẹ̀ tó lórúkọ ni mò ń kó jọ. Owó àtijọ́ yìí ló so mí pọ̀ mọ́ Daddy Ṣóbándé, àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa tó ń gbé ní Magodo pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin, Sister Bùkọ́lá. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni Daddy nígbà èwe wọn. Nínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ ibùsùn ni wọ́n tọ́jú owó fàdákà kan sí, èyí tí wọ́n ní àwọn Gíríìkì ṣe ní erékùṣù Éjína, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Ó kéré, ó ki, kò sì rí roboto dáadáa. Ahun wà ní iwájú rẹ̀, ojú òǹtẹ̀ onígun mẹ́rin tó jìn wà ní ẹ̀yìn. Lórí igbá ahun náà, ẹnì kan ti fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù là á, torí pé bí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ bá ń ṣiyèméjì nípa fàdákà, ńṣe ni wọ́n á là á wo inú. Ohun tí èmi náà ń ṣe ní Òwódé nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Daddy sọ fún mi bí owó náà ṣe dé ọwọ́ wọn. Ọkùnrin kan ló tà á fún wọn ní èbúté Piréọ́sì, nítòsí Áténì, nígbà tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ síbẹ̀. Owó tí wọ́n fi rà á ni owó páànù tó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn nílé ní Ìjẹ̀bú, torí òrùlé ń jò. Wọ́n rò pé àwọn á tún un tà ní ìlọ́po-ìlọ́po, àwọn á sì kọ́ ilé tuntun fún màmá. Wọn kò rí i tà. Òjò ọdún méjì rọ̀ lé màmá lórí, màmá sì kú kí ọmọ tó dé. Àbúrò Daddy obìnrin, tó ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò nígbà náà, ṣì wà ní Ìjẹ̀bú di òní.

"Kò bá mi wí rí," ni Daddy wí. "Ìyẹn ló burú jù. Múyìwá, bí owó yìí bá jẹ́ ojúlówó, ó kéré tán, n ò jẹ́ kí òjò pa ìyá mi nítorí asán."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣìnà. Lọ́jọ́ kan, mo rí àwòrán owó ahun kan lórí fóònù, ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní ilé àkójọ owó àtijọ́ kan ní Áténì. Ilà tó wà lórí igbá rẹ̀ àti ilà ti Daddy bára mu: gígùn kan náà, ibi kan náà, wọ́n sì dagun bákan náà. Mo fò sókè. Nínú ẹbí tiwa, tí a bá ti rí ilà kan náà lójú èèyàn méjì, ọ̀rọ̀ ti tán. Ní Mile 12 ni bàbá mi ti pàdé ìbátan rẹ̀ kan tí kò rí rí. Ilà ojú ló fi mọ̀ ọ́n, wọ́n sì dì mọ́ra láàárín àpò àlùbọ́sà. Mo gba Magodo lọ, mo ní, "Daddy, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ilà kan náà ni wọ́n kọ."

Daddy sunkún. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣe ìdúpẹ́, èmi ni mo sì di makirofóònù mú tí mo jẹ́rìí fún ìjọ. Sister Bùkọ́lá nìkan ló ní kí ẹnì kan lọ fojú rí ti Áténì kí Daddy tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rán mi. Daddy kò gbà kí owó náà tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní ahun náà kò ní padà sí ibi tí wọ́n ti tà á fún àwọn. Sister Bùkọ́lá bá gbé e dání, a jọ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ POP kan ní Kétu, tó ń ṣe àjà ilé fún àwọn ará Magodo. A tẹ ahun náà sínú àbẹ́là tó ti rọ̀, níwájú àti lẹ́yìn, a sì da POP sójú àmì rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ahun funfun méjì jáde. Alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà lódìkejì títì bá wa wọn owó náà fúnra rẹ̀, kò pé gíráàmù mọ́kànlá. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ máa ń tó méjìlá. Mo ní ó ti pẹ́ láyé, ara rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ ni.

Áténì

Oòrùn wọn mú, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni. Aṣọ kì í lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn bíi ti Èkó. Ilé opó kan ni mo wọ̀ sí. Níkò ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi, nítorí náà Ìyá Níkò ni mo sọ obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ rí wọn, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀ kí wọn. Wọ́n rò pé nǹkan kan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Níkò tẹríba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a lábẹ́ àga, Níkò náà dara pọ̀, ó tan iná fóònù. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà ṣàlàyé pé ìkíni ni.

Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀fọ́ bíbọ̀ ni. Wọ́n da òróró ólífì lé e, wọ́n fún ọsàn kíkan sí i, ó parí. Kò sí ata, kò sí irú. Abọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé sí àárín tábìlì, gbogbo wa ń ki fọ́ọ̀kì bọ inú rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń jẹun nílé wa, ìyẹn sì mú kí ara tù mí. Mo yọ ata gígún tí mo gbé wá láti ilé, mo bi wọ́n bóyá kí n bù ú sí i. Ìyá Níkò gbé àgbọ̀n sókè. Èmi rò pé wọ́n ti gbà, mo dà á sí i. Àṣé bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá nìyẹn ní ilẹ̀ wọn. Níkò mu omi ife mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó bá mi jà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé abọ́ tèmi sọ́tọ̀.

Lójú pópó, ọkùnrin kan dá mi dúró, ó ń ná báàgì tí mo gbé kọ́ èjìká. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ tó ń ta báàgì pọ̀ ní àdúgbò yẹn, ó sì rò pé ọ̀kan nínú wọn ni mí. POP Daddy ló wà nínú rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, àmọ́ ọlọ́jà ni mí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iye lé e kí n tó rántí ara mi.

Ilé Owó

Obìnrin tó ń bójú tó owó ahun ní ilé àkójọ náà ni gbogbo èèyàn ń pè ní Kiria Eléni. Kiria ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin, bí àwa ṣe ń sọ Mummy. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi sọ̀rọ̀, òun náà ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí èmi.

Mo tú POP náà kúrò nínú táwẹ́ẹ̀lì. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ yín ní iṣẹ́ yìí?"

"Ẹni tó ń ṣe àjà ilé ni," mo dáhùn.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan hàn mí. Ahun funfun bíi tèmi ló tò síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe ń ṣe é, torí wọn kì í fẹ́ kí owó fúnra rẹ̀ máa rìn káàkiri. Orí mi wú. Mo rò pé mo ti di ọ̀kan nínú wọn.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n wéra. Òǹtẹ̀ kan ni wọ́n fi ń lu owó púpọ̀, nítorí náà ahun méjì lè jáde láti ojú òǹtẹ̀ kan náà. Bí òǹtẹ̀ náà bá sán, ìsán náà á hàn lára owó tó bá jáde lẹ́yìn náà, á sì máa gbòòrò sí i. Bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ṣáájú nìyẹn. Ó kó márùn-ún síwájú mi lórí aṣọ, ó ní kí n tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ṣì. N kò gbádùn iṣẹ́ kankan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lẹ́yìn náà ló gbé ahun tí mo rí lórí fóònù wá. Ó ní kí n mú un dání. Ó tutù, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, kí n sì tó dá a padà, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Kiria Eléni gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ POP Daddy, ó fi awò sójú. Mo ń dúró kí ó kí mi kú oríire.

Ó tún yí POP náà wò lẹ́yìn. "Ta ló ni èyí?"

"Bàbá mi ni," mo wí, torí bẹ́ẹ̀ ló rí lára mi.

"Ẹ wo ilà yìí," ó wí. "Gígùn kan náà, ó dagun bákan náà. Ẹ wo etí rẹ̀ níhìn-ín, bíi pé eku ló bù ú jẹ. Àwọn méjèèjì ló ní in."

"Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Ọmọ ìyá ni wọ́n."

Ó yọ awò kúrò, ó wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ gbọ́ èsì àyẹ̀wò. "Òǹtẹ̀ ló ń fún owó ní ahun. Ilà, ọwọ́ èèyàn ló ń fún un, lẹ́yìn tó ti jáde, lọ́jà kan, lọ́jọ́ kan. Kò sí bí wọ́n ṣe lè la owó méjì bákan náà."

Ó yé mi kíá, èmi tó jẹ́ pé irin ni iṣẹ́ mi. Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọra débi pé ìyá wọn á ṣì wọ́n pè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá gé Táyé lọ́wọ́, àpá kì í yọ lára Kẹ́hìndé. Bí o bá rí àpá kan náà lára àwọn méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn àwòrán ni. Ẹnì kan ti tẹ ahun tòótọ́ sínú amọ̀, bí èmi náà ṣe tẹ ti Daddy sínú àbẹ́là. Ó da irin gbígbóná sí i, ilà ará àtijọ́ sì bá a jáde. Lílù ni wọ́n lu ti òótọ́, dídà ni wọ́n da ti Daddy, ìdí nìyẹn tí kò fi pé gíráàmù méjìlá. Èmi tí n kì í ra bàbà láì kọ́kọ́ là á, mo rí ilà tó ti wà nílẹ̀, mo ní ẹlòmíràn ti bá mi wò ó. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo rántí makirofóònù tí mo dì mú níwájú ìjọ, ojú sì tì mí débi pé mo jókòó láì gbàṣẹ.

Kiria Eléni fa àpótí kan jáde nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ahun POP mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ilà kan náà lórí gbogbo wọn, ìwé kékeré lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín àti ìlú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti rẹ́ jẹ bíi ti Daddy nìyẹn.

"A ń tọ́jú wọn kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i," ó wí. "Ṣé kí n fi tiyín kún un?"

Mo ní rárá, màá kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín. Ká sọ òótọ́, inú ló ń bí mi.

Éjína

Ọjọ́ ìpadàbọ̀ mi kò tíì pé, nítorí náà mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Éjína, kí n lè rí ibi tí ahun ti wá. Piréọ́sì ni ọkọ̀ náà ti gbéra. Mo ń wo àwọn ilé ìmutí etí omi, mo ń wá oníjìbìtì kan tó ṣeé ṣe kó ti kú tipẹ́. Àwọn èèyàn ń mu kọfí wọn, wọn kò mọ̀ pé mò ń bá wọn jà.

Erékùṣù náà kò tóbi. Wọ́n sá ẹran omi kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ sórí okùn bí aṣọ, bó bá gbẹ díẹ̀, wọ́n á sun ún lórí èédú. Mo jẹ ẹ́. Ó wà láàárín ìgbín àti pọ̀nmọ́, ó sì dùn. Apẹja arúgbó kan tó jókòó sí tábìlì tó kàn mí bi mí níbi tí mo ti wá. Nígbà tí mo ní Èkó, ó gbé àga rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Òun náà ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun rí, ó sì mọ Àpápá.

"Kí lẹ rántí níbẹ̀?" mo bi í.

"Òjò," ó wí. "Òjò tí kì í dá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí mi lẹ́nu. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: òrùlé, màmá, ilà, ìdúpẹ́. Ó bi mí bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Daddy. Mo ṣàlàyé pé nílẹ̀ wa, a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àgbà. Màá kí wọn dáadáa, màá jẹun, màá ròyìn ọ̀nà, màá wá fi òwe kan ṣí i díẹ̀díẹ̀. Arúgbó náà gbé àgbọ̀n sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Kí o tó jókòó ni kí o sọ ọ́," ó wí. "Tí o bá ti jókòó, wàá parọ́."

Ó san owó oúnjẹ mi, kò sì jẹ́ kí n bá a jà sí i.

Ilé

Kí n tó dé géètì Magodo, irọ́ mẹ́ta ti wà lẹ́nu mi, gbogbo wọn ló sì dùn gbọ́. Daddy ti wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí pálọ̀, agolo mílíìkì náà wà lórí itan wọn. Sister Bùkọ́lá ń bu oúnjẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, n kò jókòó.

"Daddy, ayédèrú ni. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ má bínú, sà."

Sister Bùkọ́lá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọ̀gá Múyìwá, ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn? Ẹ ò tiẹ̀ tíì mu omi."

"Jẹ́ kó sọ ọ́," ni Daddy wí.

Mo sọ ọ́ tán, pẹ̀lú Táyé àti Kẹ́hìndé, àti àpótí tó ní ahun mẹ́rin nínú. Daddy mú owó náà jáde nínú agolo. Wọ́n wá ní, "Ìwọ mú ti òótọ́ dání?"

"Mo mú un dání, sà."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó tutù, sà. Lẹ́yìn náà ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Wọ́n mi orí. "Ṣé ṣísẹ́ẹ̀lì rẹ wà nínú mọ́tò?"

A jáde sí ẹnu ilẹ̀kùn, sórí sìmẹ́ńtì. Mo fi ẹ̀mú di owó náà mú, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí n là á. Wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi. Òòlù yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ló wọlé, ó dábùú ilà àkọ́kọ́. Mo gbé e sójú oòrùn. Inú rẹ̀ pupa. Bàbà ni, fàdákà tín-ín-rín ni wọ́n fi bò ó lára. Irú rẹ̀ kún Òwódé.

"Màmá mi," ni Daddy wí. Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí Sister Bùkọ́lá pe àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú. Ó tẹ fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o."

"Àbúrò mi, owó òrùlé ìjọ́sí, mo fi ra owó fàdákà kan. Mo ti ń retí láti ìgbà náà pé yóò dá mi láre. Ayédèrú ni. Kódà bó bá jẹ́ ojúlówó, kò yẹ kí n rà á. Má bínú sí mi."

A gbọ́ adìẹ tó ń ké lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni obìnrin náà wí, "abọ́ mẹ́ta la máa ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Màmá ló ní kí n má jẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe burú tó o. Wọ́n ní ẹni tó wà lórí omi, kò yẹ kí á da ọkàn rẹ̀ rú. Ìdí tí n ò fi sọ ọ́ rí nìyẹn."

Daddy gba fóònù náà, wọ́n wọlé lọ sí yàrá wọn pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ tutù, a kò sì jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Daddy fúnra wọn ló gba makirofóònù, wọ́n sì tú ohun tí èmi ti dì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí a gbé owó náà padà lọ sí Kétu. Oníṣẹ́ POP fi da ahun funfun mìíràn pẹ̀lú ilà tuntun rẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ sí Kiria Eléni pé kí ó fi kún ti àpótí ìsàlẹ̀, kí ó kọ orúkọ Ṣóbándé àti Magodo sí abẹ́ rẹ̀.

Ó fi àwòrán àpótí náà ránṣẹ́ padà. Ahun funfun márùn-ún ló tò síbẹ̀ báyìí. Mo gbé fóònù náà lọ fún Daddy, mo sì fẹ́ nawọ́ sí tiwọn. Wọ́n gbé ọwọ́ mi kúrò, wọ́n fi ìka fẹ àwòrán náà, wọ́n ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Tèmi rèé," ni wọ́n wí. Ilà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.